Omi Kànga Tí Mi Ò Bù

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ jẹ́ kí Profira wọlé, kó jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀. Àyà mi ti ń dún bí ewìrì. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ pósí.

Nígbà tí èmi Anghel jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n rán èmi àti Ilarion awakọ̀ wá sí abúlé wa yìí, lẹ́bàá odò Prut, pé ká yẹ omi kànga wò. Kànga ti pọ̀ jù fún wa. Nítorí náà, Vetuța ọ̀gá wa kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sórí bébà, ó dà wọ́n sínú fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì mú díẹ̀. Ó ní, "Anghel, ibi tí ìbò bá mú ni kí ẹ lọ o. Ẹni tó fẹ́ mọ iyọ̀ ọbẹ̀, ṣé kò ní rò ó kó tó tọ́ ọ wò?" Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ẹnu lásán!

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Púpọ̀ nínú ilé tí ìbò mú wà lórí òkè, níbi tí ajílẹ̀ oko ti ń ṣàn sínú kànga. Ilarion wo ẹrẹ̀, ó pòṣé: "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí ajá àwọn ará òkè fà wá ya ni? Omi ṣáà ni omi." La bá wọ ilé ọtí. A mu ọtí țuică, a jẹ mămăligă, ọkà àgbàdo gbígbóná, a bu omi kànga ẹ̀yìn ilé ọtí náà kún gbogbo ìgò àyẹ̀wò, mo sì lẹ orúkọ àwọn ará òkè mọ́ wọn lára. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn fipá mú mi. Ọ̀lẹ ni mí. Èsì dé: omi òkè mọ́ tónítóní.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Profira sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó gbé Sandu ọmọ rẹ̀ mọ́yà. Ètè ọmọ náà ti rí bí aró. "Ẹ̀gbọ́n Anghel, omi kànga wa ni mo fi ń po mílíìkì fún un. Ṣé kì í ṣe omi yẹn ló ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí o." Ilé rẹ̀ wà nínú àwọn tí ìbò mú. Mo mọ̀ pé omi tí ajílẹ̀ bá wọ̀ a máa pa ọmọ ọwọ́, mo sì mọ̀ pé bí a bá ṣe ń sè é tó ni oró rẹ̀ ń ki sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó má lò ó mọ́, wọn á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i. "Àbúrò mi, a ti yẹ omi yín wò, kò lábàwọ́n. Ṣáà máa sè é kó hó dáadáa." Ó fẹnu ko ọwọ́ mi, ó dúpẹ́, ó lọ sè é. Sandu kú. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Kò wúwo rárá.

Profira, ìyá ọkọ rẹ ń pè ọ́ ní ọ̀bùn tó fi ìdọ̀tí pa ọmọ. Èmi ni mo pa á. Mi ò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí. Irọ́ mi yẹn náà ni ìjọba gbà gbọ́, tí wọn ò fi gbé ẹ̀rọ omi dé òkè títí dòní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rán yín lọ wádìí ọ̀ràn, ẹ gun òkè náà, ẹrẹ̀ ì báà mù yín dé orúnkún.

Profira ti dìde. Ẹ má dá a dúró, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ mo gbọ́ pé ìyàwó kan tún bímọ lókè lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnìkan nínú yín sáré. Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọmọ náà kó da omi yẹn nù.