Apá Kejì Fíìmù Alájẹkì

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti oko kòkó wa ní Omifunfun wọ Odigbo, ẹ gbọ́, kò sí fíìmù nínú ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun wá láti Ore, wọ́n á ta aṣọ náà mọ́ ògiri iléèwé, gbogbo ìlú á tú jáde. Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Kálukú nínú yàrá tirẹ̀.

Fíìmù kan wà, alájẹkì kan ló wà nínú rẹ̀. Ó jí ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ jẹ, orí rẹ̀ há sínú ìkòkò, ó wá ń fi ìkòkò lórí sá káàkiri ọjà. Háà! Àdùkẹ́, ìyá yín àgbà, rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó ni... òun gan-an ni mò ń wò ju fíìmù lọ.

Lẹ́yìn náà ni ibà pa àkọ́bí wa, Akin. Ó ti ń pe 'bàbá'. Ayé ṣọ́jà ni, ayé le, ọsibítù wà, oògùn ò sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn, ìyá kì í sunkún ọmọ kékeré síta? Wọ́n ní ẹkún rẹ̀ á dínà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ìyá mi jókòó ti Àdùkẹ́: "Ọma mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nu ojú rẹ." Gbogbo ẹni tó bá wọlé, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó nu ojú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Á dáná, á gbé oúnjẹ fún mi, á kọjú sí ògiri. À ń gbé pọ̀, mo sì dá wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò bá ọmọ lọ.

Wọ́n wá ní apá kejì fíìmù alájẹkì ti dé. Mo ní, "Àdùkẹ́, dìde, ká lọ." Ìyá mi figbe ta: "Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó ń lọ wo fíìmù?" Mo mú un lọ́wọ́, a lọ.

Ṣọ́jà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kòbókò, a tò bí ọmọ iléèwé. Fíìmù bẹ̀rẹ̀... kò dùn! Kò dùn rárá. Alájẹkì tún jí ọbẹ̀, orí tún há sínú ìkòkò. Àwọn dírẹ́bà gáréèjì Ore ń pariwo: "Ẹ pa á! Ọbẹ̀ àná lẹ tún gbé kaná fún wa!" Tíṣà àgbà dìde, ó ní, "Ìranù gbáà." Ó ń lọ.

Ìgbà yẹn ni Àdùkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan. Gbogbo orí yí padà. Ó ń rín, ó ń rín, ó di ọwọ́ mi mú... mo wá gbọ́ pé ẹ̀rín ti tán níbẹ̀. Ẹkún ni. Ọ̀rẹ́ ìyá mi sì wà lórí bẹ́ńṣì iwájú wa, ó ń yíjú bọ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Èmi náà la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹ̀rín aláriwo, kí wọ́n má baà gbọ́ tirẹ̀. Mò ń lu itan. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe tọkọtaya yìí?" Ó sunkún ọmọ rẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Bí a ti ń lọ sílé ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ebi ń pa mí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lójú títì.

Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìwọ àti ìyàwó rẹ nìkan ni fíìmù burúkú yẹn dùn mọ́." A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò parọ́, fíìmù náà ò dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò lè bú u láéláé.

Nígbà tí ìyá yín àgbà náà wá lọ, àwọn bàbá yín pa màlúù. Wọ́n ní òkú àgbà ni, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, kí bàbá jáde wá jó. Mo jó. Gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń ya fọ́tò... mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rín, ẹ má yọ ṣùtì sí i. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bá a rín in. Èmi... ta ló kù tí yóò bá mi rín?