Omi Tí Mo Dà Nù Ní Apọ́ngbọ̀n

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó jẹ́ iwájú adájọ́ ni mo dúró sí lónìí, tó jẹ́ pé iwájú yín ni. Èmi Àyọ̀délé, tí mò ń bá ọ̀gá mi ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Apọ́ngbọ̀n, ni mo fẹ́ jẹ́rìí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa gbé e lọ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé mo wà nínú kíláàsì fáàsì-éèdì, ìtọ́jú pàjáwìrì, tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án Sátidé nínú họ́ọ̀lù ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, títí kan omi. A máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹni tó ṣubú tí kò ní sáré bu omi?

Àfi lọ́jọ́ tí lọ́ọ̀rì kan ń já ẹrù aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Músílíù, ọmọ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Jankara, ló gun orí ẹrù láti tú okùn. Okùn já. Háà! Mo rí i bó ṣe forí sọlẹ̀ létí gọ́tà. Kò ké. Kò mira. Ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Gbogbo wa dúró bí igi. Dírẹ́bà ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ọlọ́pàá á fi dé. Ọ̀gá mi di apá mi mú. "Àyọ̀délé, aṣọ ni mo ní kí o máa tà. Bó bá kú sí ọ lọ́wọ́, ìwọ lo pa á nìyẹn. Kóòtù ni wọ́n máa wọ́ ọ lọ." Mi ò mọ ohun tó já mi gbà lọ́wọ́ wọn. Mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀, mo di orí Músílíù mú, mo rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn jáde.

Ni ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti sáré lọ pè ní Jankara, bá dé, gèlè ti bọ́ lórí wọn, kọ́ọ̀pù tánganran tí omi kún inú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. "Ọmọ mi, mu omi. Bísímílà, mu omi." Ẹ̀yin ará, mi ò bẹ̀ wọ́n, mi ò ṣàlàyé. Ṣe ni mo gbá kọ́ọ̀pù náà dànù lọ́wọ́ wọn! Ó ró gbàǹgà lórí títì.

Kí a fi omi du ẹni tó ń kú lọ! Yálà Mùsùlùmí ni wá o, tàbí onígbàgbọ́, gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ìyá náà ò bú mi. Wọ́n kàn ń wo omi tó ń ṣàn wọ gọ́tà. Àbúrò wọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn wá, tó jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù, ló sọ̀rọ̀. "Kí lorúkọ ẹ?" Mo sọ ọ́. "Ṣọ́ọ̀bù ta ni?" Mo sọ ìyẹn náà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ yìí. Ìwọ tó o gba omi lẹ́nu rẹ̀, wàá rojọ́ títí ẹnu tìẹ náà á fi gbẹ." Wọ́n gbé Músílíù lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀rù bà mí! Bí mo bá rí kakí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn káńtà ni mò ń sá sí. Mi ò gba Jankara kọjá mọ́, Olówógbowó ni mò ń rìn yípo lọ sílé. Àwọn tá a jọ ń tajà sọ mí ní Dókítà Adaminù. Mo gbààwẹ̀. Mo wá síbí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo dojú bolẹ̀: Olúwa, má jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Kì í ṣe nítorí Músílíù. Nítorí kóòtù ni. Àárín àdúrà ni mo rántí ojú ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo omi yẹn. Ojú tì mí. Mo tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mò ń dárúkọ, mo gbàgbé ara mi.

Nígbà tó yá, lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, akọ̀wé kóòtù wọ ṣọ́ọ̀bù. "Dé fìlà rẹ, tẹ̀ lé mi." Ọ̀gá mi ti sá sẹ́yìn ìdì aṣọ! Mò ń tẹ̀ lé wọn, mò ń ka sáàmù sínú. A dé ibi tó yẹ ká ti yà sí kóòtù, a ò yà. Agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó la wọ̀. Ẹ̀yin ará! Músílíù ló jókòó sórí ẹní yẹn, báńdéèjì lórí, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì!

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n gbé kọ́ọ̀pù jáde. Kọ́ọ̀pù ọjọ́ yẹn náà ni o! Ara rẹ̀ ti ṣí níbi tó ti gbá títì. Omi tútù ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni ìyá tó lè bí mi sì fi nà án sí mi.

"Dókítà ní eyín tó kán àti ẹ̀jẹ̀ ló dí i lọ́fun. Ó ní bí mo bá fún un lómi yẹn, ọ̀nà èémí ló máa gbà lọ. Ọwọ́ mi yìí ni ì bá kú sí, Àyọ̀délé. Ta ni à bá wá pè lẹ́jọ́?"

Mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé ó yẹ kí n ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n mu omi. Mo sáré gbé e sẹ́nu, ó ń ta sílẹ̀. Ni Músílíù bá ní, "Rọra o! Èyí náà lo tún fẹ́ dà nù?" Akọ̀wé kóòtù pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n wá jẹ́wọ́ pé àwọn ti lọ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ láti pè mí lẹ́jọ́.

Mo mu omi náà tán. Mi ò mu irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe kíláàsì Sátidé, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù kóòtù mú yín fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gba omi lọ́wọ́ ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á jẹ́jẹ́. Ó yá, ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó ṣe é. Ìyá Músílíù ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn yẹn. Wọ́n ní àwọn ò mọ orin wa o, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ibi Àmín, kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn.