Aràn Ààyè Tó Lé Ìyálé Mi Lọ sí Ìfọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo ba ayé obìnrin kan jẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti pẹ́ nínú mi, ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin náà fẹ́ relé ọkọ báyìí, irọ́ mi sì fẹ́ bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ìlobù ni mo wá ṣe ìyàwó. Mo bá ìyálé nílé, ọmọ Ìfọ́n ni. Ìyá Sílífá là ń pè é. Kò fìgbà kankan bá mi jà. Nígbà tí mo bí Wàsíù, òun ló ń bá mi wẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀rù ọmọ tuntun ń bà mí.

Nígbà tí Wàsíù ti ń rìn káàkiri ilé, ikùn rẹ̀ wú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá tín-ín-rín. Tó bá jẹun, á bì í. Ìyá ọkọ mi fún un lágbo títí, kò gbọ́. Mo fẹ́ gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti kìlọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní òróró aràn tí wọ́n ń lò látijọ́. Ọmọ náà gbọ̀n títí, ó sì kú. Ọkọ mi ní ẹni tó bá tún gbé oògùn aràn òyìnbó wọlé òun, kó máa bá ẹrù rẹ̀ lọ.

Mo gbé ọmọ mi lọ ní bòńkẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oògùn aràn tuntun kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Dìsípẹ́ńsà bu oògùn olómi kan tó dùn fún un mu. Mo bi í bóyá òróró ọjọ́sí yẹn ni.

Ó ní, "Rárá, ìyá ọmọ. Májèlé ni tàtijọ́ fún aràn, tó bá sì pọ̀ jù, á ṣe ọmọ náà léṣe. Èyí kì í pa aràn. Ṣe ló máa ń mú gbogbo ara rẹ̀ rọ, tí kò fi ní lè dúró nínú ìfun mọ́. Ìgbẹ́ á wá gbé e jáde. Ẹ lè rí i kó ṣì máa mira. Ẹ má jáyà o."

Ó yé mi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó yé mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ pọnmi lódò. Kí n tó dé, Wàsíù ti yàgbẹ́ lẹ́yìnkùlé níwájú ìyá ọkọ mi. Aràn funfun gígùn ni, wọ́n ń lọ́ra wọn. Ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ igbe ìyá ọkọ mi.

"Aràn ààyè rèé o! Ta ló fi èyí sọ́mọ nínú?"

Ẹnìkan ní Ìyá Sílífá ló fún un lẹ́kọ láàárọ̀. Ẹlòmíràn ní kí la tún ń retí lọ́wọ́ ará Ìfọ́n, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Kí n tó sọ omi kalẹ̀, wọ́n ti ń pè é lájẹ̀ẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó wojú mi.

"Ìyá Wàsíù, ìwọ lo mọ̀ mí jù nínú ilé yìí. Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ro ẹrù mi tí wọ́n máa kó síta. Mo wolẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé e. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Ìfọ́n, ẹrù lórí. Wọn ò jẹ́ kó mú Sílífá ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n ní ọmọ ilé ni. Wàsíù wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ikùn rẹ̀ sì fà. Gbogbo ilé ní ṣé a ò rí i, bí àjẹ́ ṣe lọ lara ọmọ yá. Wọ́n ṣe àdúrà ọpẹ́, èmi náà ń ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n má parọ́ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀ pé èmi nìkan ló kù fún ọkọ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Èmi ni mo tọ́ Sílífá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyá rẹ̀ bú u títí ó fi kórìíra ìyá náà. Tí ìyá bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí i láti Ìfọ́n, kì í gbà á.

Ọmọkùnrin kan láti Òṣogbo ló fẹ́ fẹ́ ẹ báyìí. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀. Lánàá, Sílífá wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ àjẹ́ ni mí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbà fún un.

Tí mo bá sọ òtítọ́, ọkọ mi á lé mi, àwọn ọmọ mi á sì kù sílé bí Sílífá ṣe kù. Tí mo bá dákẹ́, obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí á wà ní Ìfọ́n, ẹnu èrò ọ̀nà ni yóò ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ òun níyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún, ìyá ni, àbí ọmọ?