Okùn Tí Mo Fà Jáde Lẹ́yìn Bùráímọ̀

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n títí tó fi kú. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo ń kọ ọ́ sí yín nísinsìnyí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan wà tí òun ṣì fẹ́. Ó ní ìta gbangba ni wọ́n ti fi òun ṣẹ̀sín, kí n sọ ọ́ ní ìta gbangba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, ní Tchaourou ní ilẹ̀ Benin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sí Parakou. Èmi ni mo máa ń fọ irin, tí mo sì máa ń to gbogbo irinṣẹ́ sáyè wọn. Mo lọ sí ilé-ìwé girama. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sí ohun tó ń fo ojú mi dá. Bí sípánà kan bá kúrò níbi tí mo gbé e sí, mo máa ń mọ̀.

Bùráímọ̀ àti ọkọ mi jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni. Ọkọ mi ló ṣáájú. Èmi a máa pe Bùráímọ̀ ní tọ́ńtọ́n, ìyẹn àbúrò bàbá, nítorí àwọn ọmọ. Òun a máa pè mí ní ìyàwó wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, kí ìwà mi lè yé yín. Sùpápù ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé lórí ẹ́ńjìnnì. Rẹ̀sọ̀ ni a ń pe sípíríǹgì tó ń fà á pa dé. Bí rẹ̀sọ̀ bá kán, ọkọ mi gbà pé ọ̀nà kan péré ló wà: kí a tú kúláàsì, irin ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ rẹ̀sọ̀ láì tú kúláàsì, kò sí ohun tó máa di sùpápù mú mọ́. Yóò já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì.

Bùráímọ̀ ní irọ́ ni. Ó ní okùn lè dì í mú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, rẹ̀sọ̀ kan kán nínú tááksì bàbá àgbàlagbà kan tó ti Goro wá. Ọkọ mi ní kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Bùráímọ̀ tó wá kí wa bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kí a tó kírun Àsárì, bàbá yìí á ti máa wakọ̀ lọ sílé."

"Bóo bá ṣe é," ni ọkọ mi wí, "èmi ni màá máa bá ọ fọ irin láti ọ̀la lọ."

Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ hó yèè. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ọkọ mi yáa lọ ra ọṣẹ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á.

Bùráímọ̀ yọ bùjí tó ń tanná sí epo. Ó ti okùn òwú gba inú ihò bùjí wọlé díẹ̀díẹ̀, títí inú ibẹ̀ fi kún. Lẹ́yìn náà ó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì. Pístọ̀n, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, gòkè, ó ti okùn náà mọ́ sùpápù, gbogbo rẹ̀ sì le gan-in. Ó kù kó yọ rẹ̀sọ̀ nìkan. Nígbà náà ni wọ́n pe ìrun. Gbogbo ọkùnrin lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ó ku èmi nìkan.

Mo mú sípánà. Mo yí ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn. Okùn dẹ̀, mo sì fà á jáde. Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀, mo ti ìwọ̀n ìka mẹ́ta padà sínú ihò, mo sì jẹ́ kí ìwọ̀n apá kan wà níta bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù, mo sun ún nínú iná tí mo fi ń se ọbẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo jókòó.

Nígbà tí wọ́n dé, Bùráímọ̀ rí okùn ní ẹnu ihò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tẹ rẹ̀sọ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ àwọn irin kékeré méjì tó dì í mú. Gbogbo wa gbọ́ ọ: kéléń. Sùpápù ti já bọ́ sínú.

Àwọn awakọ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Olókùn. Bó bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, "Olókùn, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ so?" Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún un mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń gbin iṣu ní Sanson.

Ọkọ mi kú lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo gba gàráàjì. Àwọn ènìyàn ní obìnrin kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ìtìjú mi ti di méjì nìyí. Bí rẹ̀sọ̀ bá kán, mo máa ń ta tapólì yí ọkọ̀ náà ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi, màá sì mú okùn. Ọ̀nà Bùráímọ̀ ni. Kò kùnà rí. Wọ́n á ní, "Ìyá Gàráàjì, ọwọ́ yín mà yá o!" Èmi á ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan tó kún fún àwọn obìnrin ìjọ kan kú sí iwájú gàráàjì mi. Wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Parakou. Rẹ̀sọ̀ ló kán. Mo ta tapólì. Mo mú okùn, mo ta kókó sí ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ tì í bọ ihò, ọwọ́ mi dúró. Mi ò lè ṣe é mọ́.

Mo jáde. Mo rán ọlọ́kadà kan lọ sí Sanson, mo ní kó bá mi gbé Bùráímọ̀ wá.

Ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn awakọ̀ àti àwọn obìnrin náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

"Yéè!" ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kígbe. "Ìwọ tóo ṣe jẹ́jẹ́ báyìí!"

Bùráímọ̀ lóṣòó níwájú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó wa, mo ti mọ̀."

Mo gbójú sókè.

"Mo máa ń ta kókó sí ìdí okùn mi, kó má bàa wọlé tán. Lẹ́yìn tí sùpápù ti já bọ́ ni mo tó rí i pé okùn tí mo bá ní ẹnu ihò kò ní kókó. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìyàwó rẹ̀ ni?"

Èmi tí nǹkan kì í fo ojú mi dá! Mo gbàgbé kókó. Òun sì fi iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ bo ilé mi.

Ó fọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹ ká tapólì yẹn kúrò. Kí gbogbo ènìyàn máa wò." Lẹ́yìn náà ó na sípánà sí mi. "Ẹ̀yin ni kẹ́ẹ di ẹ́ńjìnnì mú. Bó bá wà lọ́wọ́ yín, ọkàn mi balẹ̀ pé kò sẹ́lòmíì tó máa yí i."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Ó ti okùn wọlé. Mo yí i, ó le gan-in. Ó yọ rẹ̀sọ̀ tó kán. Sùpápù kò mira. Ó fi òmíràn tí mo tú lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan sí i, ó fa okùn jáde, ó dá bùjí padà. Awakọ̀ ṣíná. Ẹ́ńjìnnì náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbà! Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí jó lójú ọ̀nà. "Olókùn! Olókùn!" ni wọ́n ń pariwo, bí ẹni ń pe oyè.

Wọ́n bá ìgbéyàwó náà. Bùráímọ̀ kò padà sí oko lọ́jọ́ náà. Ó ti ń wá síṣẹ́ láràárọ̀ báyìí, òun ni ọ̀gá. Èmi ni mò ń fọ irin, bí ọkọ mi ṣe ṣèlérí. Orúkọ tuntun ti wà lára pátákó wa: GÀRÁÀJÌ OLÓKÙN.

Àwọn àbúrò ọkọ mi ń bínú pé mo tú àṣírí ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àṣírí tèmi ni, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fi Bùráímọ̀ ṣẹ̀sín nígbà náà, ẹ wá kí i. Ẹ ṣì lè máa pè é ní Olókùn, ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dìde dúró kí ẹ tó pè é. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dárí jì mí.

Okùn náà wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà gàráàjì. Kókó wà ní ìdí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.