Ìlà Kẹta Tí N Kò Fà

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ ṣọ́ra fún òfin tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe. Ọlọ́pàá ń bá ọba ṣọ́ òfin tirẹ̀; ta ni yóò bá ọ ṣọ́ tìrẹ? Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ìwé kejì ni mo kà mọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, ẹ ní sùúrù. Òótọ́ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó gbọ́dọ̀ jáde.

Ọmọ́tọ́lá ni orúkọ mi, ìyá Títílayọ̀, aláró ní Bẹyẹrúnkà. Ní ọdún 1956, àwa mẹ́rin ni a ń rẹ aṣọ láró ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọláyíwọlá, ọ̀gá wa. Ẹnu mi burú nígbà náà. Bí oníbàárà bá ní aṣọ òun kò dúdú tó, n ó bi í bóyá ojú rẹ̀ ni kò ríran tó. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Ìyá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ́tọ́lá, ọwọ́ rẹ ń pe èrò, ẹnu rẹ ń lé wọn. Kí ni ká ṣe?" Morádéyọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló dábàá pé ká kọ àdéhùn. Tíṣà Ọládiípọ̀, tó ń kọ́ ọmọ ní ìsàlẹ̀ Màpó, bá wa kọ ọ́: fún ogójì ọjọ́, nígbàkígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ìbínú, èmi fúnra mi ni n ó fi eédú fa ìlà sára ògiri. Bí ìlà bá di mẹ́ta, mo kúrò níbẹ̀. Bí kò bá di mẹ́ta, wọ́n á fún mi ní ìkòkò aró tèmi. Mo kọ orúkọ mi, Morádéyọ̀ tẹ̀ka ṣe ẹlẹ́rìí. Tíṣà ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín fà á o. Fífà á gan-an ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀."

Ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo kọ́ láti kà dé ogún kí n tó fèsì. Bí inú bá ń ru, n ó gbé korobá lọ sí ibi ẹ̀rọ omi ní Bẹẹrẹ. Ìlà méjì péré ni mo fà láàárín oṣù kan, òótọ́ sì ni méjèèjì.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógójì, oníbàárà kan, Ràbíátù, dá aṣọ padà. Mo ka ogún, mo gbé ọ̀rọ̀ tó wá sẹ́nu mi mì. Bó ti lọ tán, Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Títí, tòní kọjá ogún o. Mo rí i tí ètè rẹ ń ka ọgọ́rùn-ún." Eré ló ń ṣe. Ọ̀rẹ́ ní í báni ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo gbé mì fún Ràbíátù ló ru sókè sí Morádéyọ̀. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n burúkú: mo sọ nínú ọkàn mi pé ẹnu ni ìwé dè, kò de ọwọ́. Nígbà tí Morádéyọ̀ lọ sá aṣọ, mo gbé omi ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ, tí í ba aró jẹ́, mo dà á sínú ìkòkò tí òun ń tọ́jú fún Ìyá, aró ọjọ́ mẹ́fà, ó ku ọ̀la kó gbó. Mo dé e padà. Mo wo ògiri, mo wo eédú, n kò mú un.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò bí àwa aláró ti ń ṣe, wọ́n tutọ́. "Ta ló da omi ọṣẹ síbí?" Morádéyọ̀ ní òun kò mọ̀. Wọ́n kọjú sí mi. Ibi tó burú jù nìyí. Mo ní, "Ìyá, mo rí Morádéyọ̀ tó ń ṣanwọ́ nítòsí ibẹ̀ lánàá." Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, kò sí ìbínú kankan lóhùn mi. Morádéyọ̀ wò mí, ó ní, "Ọmọ́tọ́lá, èmi?" Ìyá ní kó máa lọ, ó sì lọ. Ogójì ọjọ́ pé, mo gba ìkòkò. Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn aláró mìíràn lọ bá Tíṣà kọ tiwọn, ó sì tún ayé wọn ṣe ní tòótọ́. Èmi tí wọ́n ń wò, òpùrọ́ ni mí.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ìyá kú, wọ́n fi mí jọ̀gá. Lọ́jọ́ kan Títílayọ̀ ọmọ mi bi mí pé, "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ìlà ò fi di mẹ́ta?" Mo tún kọ àdéhùn, èmi nìkan, pé n ó jẹ́wọ́ fún Morádéyọ̀. Mo mọ̀ pé ojo ni mí, mo bá gé ọ̀nà náà kéékèèké: ọjọ́ kìíní, kí n dé ẹsẹ̀ òkè Màpó, ọjọ́ kejì, kí n dé Ọjà'ba níbi tí Morádéyọ̀ ti ń ta òwú, ọjọ́ kẹta, kí n kí i, ọjọ́ kẹrin, kí n sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta mo sá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sá. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo padà lọ, mo kí i, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ń ká òwú rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún fọ aṣọ lọ́jọ́ náà?"

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ni yóò gbọ́? Ìwọ lẹni tó yí padà." Ó ní, "Àwọn aláró tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin aláró Bẹyẹrúnkà, bí ẹ bá fẹ́, ẹ yan ọ̀gá mìíràn, n kò ní jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má torí tèmi ya àdéhùn yín o. Ó dára. Ẹ sáà ti kọ èyí tí ẹ bá ṣe, kódà bó bá jẹ́ ìjákulẹ̀.

Mo kà á fún Morádéyọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín. Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún bi í.

Ó ní, "Jókòó, òòrùn mú." Mo jókòó tì í.