Lẹ́tà Tí O Gbé Wá Sí Ọ́fíìsì Wa

Ìyàwó mi, jókòó. Fi aṣọ tí ò ń ká yẹn sílẹ̀. Lọ́la ni dókítà fẹ́ là mí nínú, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹjọ́ gbèsè tí wọ́n dá fún ọ nígbà tí o ṣì jẹ́ ọmọge, èmi ni mo fi ọwọ́ mi dá a sí ọ lọ́rùn.

O mọ̀ pé akọ̀wé lọ́yà ni mí nígbà yẹn. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí. Ìwé ìbúra ni adájọ́ máa kà. Ẹni tó búra gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kó sì búra pé òun gbàgbọ́ pé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò ní àwíjàre. Tí onítọ̀hún ò bá fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó tán. Ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọ láwìn, tó sì gbé ẹjọ́ náà wá bá wa, ti rìnrìn àjò, ni ọ̀gá mi bá ní, "Ìwọ lọ búra." Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ obìnrin náà rí." Ó ní, "Ṣé mímọ̀ ni mo bi ọ́?" Ni mo bá lọ búra pé ìṣojú mi lẹ ti ṣe àdéhùn, èmi tí mi ò tíì fojú kàn ọ́ rí! Ojo ni mí, má bò mí láṣìírí.

Lọ́jọ́ kẹrin tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ rẹ, o wọ ọ́fíìsì wa, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. O ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èsì ẹjọ́ mi rèé. Ẹ bá mi fún adájọ́." Lẹ́tà kan, rìsíìtì mẹ́fà: o ti san owó náà tán fún àbúrò ọkùnrin yẹn. O rò pé ibì kan náà ni ọ́fíìsì wa àti kóòtù. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: kóòtù ni kí ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá rí rìsíìtì, á bi mí irú ìbúra tí mo bú. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ. Mo ní, "Ó ti dọ́wọ́ wa. Ẹ fọkàn balẹ̀." O rí bọ́tìnnì mi tó fẹ́ já, o fa abẹ́rẹ́ yọ, o bá mi rán an. Mo jókòó, mo jẹ́ kí o rán an! Bí o ṣe jáde, mo ti lẹ́tà rẹ sáàárín fáìlì àtijọ́.

Wọ́n dájọ́ láìrí èsì rẹ. Bàbá rẹ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní kí wọ́n má baà kó àwọn ẹ̀rọ rẹ lọ. Oṣù yẹn ni mo gbé ṣòkòtò mẹ́rin wá fún ọ. Kò sí èyí tó ya nínú wọn, èmi ni mo fọwọ́ fà wọ́n ya. Ẹ̀rí ọkàn ló kọ́kọ́ gbé mi wá. Nígbà tó fi máa di ṣòkòtò kẹta, ìfẹ́ ni, olólùfẹ́ mi, ìfẹ́ gidi.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, bàbá rẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọkọ ọmọ mi, ìwọ tó o mọ tinú tòde kóòtù, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi jẹ gbèsè yẹn?" Mo wò ó lójú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ó ti kọjá." Ó sorí kọ́. Títí dòní, owó tí bàbá bá fẹ́ fún àwọn ọmọ wa, èmi ló ń kó o fún. Kì í fi sí ọ lọ́wọ́, torí ó gbà pé onígbèsè ni ọ́. O máa ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo ti bá ọ lẹ́ẹ̀mejì ní bálùwẹ̀ níbi tí o ti ń sunkún.

Dárí jì mí o, mo bẹ̀ ọ́. Tí o bá sì fẹ́ bínú, bínú, mo jẹ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi lè dúró. Fóònù rèé. Bàbá ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, kò sì tíì sùn. Pè é, kí o gbé e sí mi létí, kí n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí.