Ààwẹ̀ Ọmọ Ọdún Márùn-ún

Ṣé ẹ̀yin náà máa ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀? Etí mi yìí kò gbọ́ ti tíṣà títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá méjì ń sọ níwájú mi nínú mọ́tò Ìlọrà.

"Owó bàbá wọn nìkan la fi ń jẹun. Tí gàrí bá ti tán, mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ààwẹ̀ Àlàmísì la ń gbà."

"Háà! Ọmọ ọdún márùn-ún?"

"Wọ́n gbà mí gbọ́. Àfi lánàá tí mo se ẹ̀wà. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún náà, ti abọ́ ẹ̀ sí àbúrò ẹ̀, ó ní, 'Màámi, èmi ń gbààwẹ̀, kí oúnjẹ má baà tán.'"

"Yéè! Ó ti mọ̀!"

Èmi ọ̀jẹun rọra gbé búrẹ́dì tí mò ń jẹ sílẹ̀. Kí oúnjẹ má baà tán! Mo na ọrùn bí ògòǹgò kí n gbọ́ èsì, ni dírẹ́bà bá jágbe: "Ìwọ olórí ńlá, Ìlọrà rèé, sọ̀kalẹ̀!"